Bí Ẹ Ó Ṣe Jẹun Yó ní Búkà Ìbàdàn Láì Fi Owó Ṣòfò

Ìlú tí wọ́n ń kì ní ọmọ ajòro-sùn, ọmọ ajẹ̀gbín-yó, ọmọ afìkarahun-fọ́rí-mu kò yẹ kó jẹ́ ìlú tí ebi ti ń pa àlejò. Ní ìgbà tí oríkì yẹn ń sọ, èso òro àti ìgbín ni àwọn tó tẹ Ìbàdàn dó fi ń gbé ẹ̀mí ró lórí òkè. Lónìí, láti Ọjà-Ọba títí dé Ojóo, agbára káká ni ẹ fi lè rin àdúgbò kan já kí òórùn ọbẹ̀ má pàdé yín lọ́nà. Ibi tí a ó ti jẹun kọ́ ni ìṣòro mọ́, bí kò ṣe bí a ó ṣe mọ ilé tó yẹ kí a yà sí, ohun tó yẹ kí a sọ nígbà tí a bá dé iwájú ìkòkò, àti bí a kò ṣe ní fi owó oúnjẹ ọjọ́ méjì jẹ àwo kan ṣoṣo. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ní Agbowó, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn, ni mo ti ń jẹun níta, owó tí mo sì san fún àwọn olóúnjẹ kí n tó gbọ́n kò kéré.

Àkókò ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó wo ilé. Àmàlà, tí àwọn àgbà ìlú yìí ṣì ń pè ní ọkà, kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rò ó, ó máa ń rọ̀, ó máa ń dán, òkèlè rẹ̀ a sì máa yọ̀ lọ lọ́nà ọ̀fun. Bí ó bá ti pẹ́ nínú kúlà, ooru ara rẹ̀ a di omi sí i lára, ìsàlẹ̀ a rọ̀ jù, òkè a sì le. Ewédú tó ti pẹ́ lórí iná kì í yọ̀ mọ́ bó ṣe yẹ. Gbẹ̀gìrì ni ó gba ìṣọ́ra jù, nítorí pé ẹ̀wà tí a bó tí a sì sè di ọbẹ̀ tètè máa ń kan bí kò bá gbóná dáadáa. Nítorí náà, láti nǹkan bí agogo 11 àárọ̀ sí agogo 12 ọ̀sán ni mo fẹ́ràn jù, nígbà tí ìkòkò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba láti Sẹkitéríàtì ní Agodi kò tíì tú jáde. Láti agogo 12 ààbọ̀ sí agogo 2 ni èrò máa ń pọ̀ jù. Ẹ ó tò, ṣùgbọ́n oúnjẹ ń tán, wọ́n sì ń ro òmíràn. Ní ọjọ́ Ẹtì, èrò ìrun Jímọ̀ máa ń kún àwọn búkà lẹ́yìn agogo 2, nítorí náà ẹni tí ebi ń pa gan-an kí ó ṣáájú wọn.

Lẹ́yìn agogo 4, ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó: “Ìyá, ṣé ọkà yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ni?” Ìyá olóúnjẹ tó mọ iyì orúkọ rẹ̀ yóò sọ òótọ́, yóò sì ní kí ẹ mú sùúrù díẹ̀ kí òmíràn jinná. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé bá èyí mu, nítorí wọ́n ní kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe wà nílẹ̀ láìgbóná ju wákàtí 2 lọ, kí èyí tí a ń bù jẹ lọ́wọ́ sì gbóná ju ìwọ̀n 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì. Kò sí ẹni tí yóò gbé òṣùwọ̀n ooru lọ sí búkà, ṣùgbọ́n ojú rí èéfín. Bí wọ́n bá ṣí ìdérí ìkòkò gbẹ̀gìrì tí ooru kò yọ jáde lára rẹ̀, tí wọ́n sì ti ń bù ú láti àárọ̀, ọbẹ̀ ata àti ewédú nìkan ni kí ẹ gbà.

Nípa ilé tí ẹ ó wọ̀, ẹ má wo pátákó ojú ọ̀nà. Ẹ wo àwọn tó jókòó. Bí ẹ bá rí àwọn awakọ̀, àwọn mẹkáníìkì, àwọn obìnrin tó ń ta ẹ̀wà àti ata ní ọjà Bódìjà, tí wọ́n fi ara ti ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, ẹ mọ̀ pé oúnjẹ ibẹ̀ kì í sùn mọ́jú, nítorí pé ẹni tó ń fi òógùn wá owó kì í fi í ra oúnjẹ àná lẹ́ẹ̀mejì. Èyí kò wá sọ pé ibẹ̀ mọ́ tónítóní o. Fún ti ìmọ́tótó, ẹ rìn dé ẹ̀yìn, ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, bí ẹni tó ń wá omi ìfọwọ́. Bí omi kan náà tó ti dúdú ni wọ́n fi ń fọ àwo láti àárọ̀, ẹ yí padà. Bí ọ̀pọ́n bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí èkíní ní ọṣẹ tí ìkẹyìn sì mọ́, ó dára. Ẹ tún wò bóyá ẹni tó ń gba owó ni ó tún ń fi ọwọ́ kan náà mú ẹran. Ilé tó ní láárí máa ń yan ẹnì kan fún owó, ẹnì kan fún ọkà, ẹnì kan fún ọbẹ̀ àti ẹran. Kì í ṣe nítorí ìmọ́tótó nìkan ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ń ṣọ́ owó wọn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n àwa náà ń jẹ èrè rẹ̀.

Àwọn ilé tí òkìkí wọn ti kàn dé Èkó wà, bí Amala Skye ní Bódìjà, àlejò kì í sì í fẹ́ kúrò ní Ìbàdàn kí ó má dé irú ibẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé ìlú yìí kò ní láti wọ ọkọ̀ méjì nítorí ọkà. Búkà àdúgbò tí ìyá ti mọ ojú yín, tó ti mọ̀ pé ẹ kì í jẹ ata púpọ̀, lè tẹ́ yín lọ́rùn ju ilé olókìkí lọ.

Wàyí o, ẹ ti dé iwájú ìkòkò. Ní búkà alámàlà, ẹ kì í jókòó kí wọ́n wá bá yín bí ilé oúnjẹ ńlá. Ẹ ó tò, ẹ ó sì máa sún síwájú bí wọ́n ti ń bù. Ọkà ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè, iye tí ẹ fẹ́ ni ẹ ó sì dá, yálà bí ó ti jẹ́ ìwọ̀n tàbí bí ó ti jẹ́ owó: “Ọkà méjì,” tàbí “Ọkà ẹgbẹ̀rún kan náírà.” Ẹ fara balẹ̀ wo ọwọ́ arábìnrin tó ń bù ú, nítorí ó dùn ún wò. Yóò ti ìgbákọ bọ omi, yóò rì í sínú kúlà tó kún fún ooru, yóò gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì títí ọkà yóò fi rí roboto tí ara rẹ̀ yóò sì máa dán, yóò wá dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo láìfi ọwọ́ kàn án. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè mọ̀ bóyá ó dára. Ọkà èlùbọ́ gidi, tí iṣu tí a bọ̀ tí a sì sá gbẹ jẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀, máa ń dúdú bí igi tí òjò pa, kò ní kókó, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ìgbákọ. Èyí tí wọ́n fi láfún lú máa ń fà, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń mọ́lẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti lò ó bí wọ́n bá sọ fún yín, ṣùgbọ́n owó èlùbọ́ kọ́ ni kí ẹ san lórí láfún.

Lẹ́yìn èyí ni ẹni tó ń bu ọbẹ̀ yóò da gbẹ̀gìrì sí apá kan, ewédú sí apá kejì, yóò sì fi ọbẹ̀ ata pupa sí àárín tí epo yóò máa tàn lórí rẹ̀. Àpapọ̀ yìí ni à ń pè ní àbùlà. Bí ẹ kò bá fẹ́ gbẹ̀gìrì, ẹ sọ ọ́ kí ó tó na ṣíbí ọbẹ̀ síwájú, nítorí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ẹnu yín lọ. Ní ọ̀pọ̀ búkà, a kì í ka ewédú àti gbẹ̀gìrì sí owó lọ́tọ̀. Ọkà àti ẹran ni à ń san owó fún. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ohùn ẹni tó ń bu ọbẹ̀ fi máa ń dùn nígbà tó bá bi yín pé, “Ẹran ńkọ́, oníbàárà mi?”

Ibẹ̀ ni owó wà. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ méjì lọ sí ilé oúnjẹ kan lọ́nà Òkè-Àdó, tí n kò ní dárúkọ. Ebi ń pa wá, ẹran sì pọ̀ nínú ìkòkò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka: ẹ fi ìyẹn sí i, ẹ fi ṣàkì yẹn sí i, kí ni èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e wá. Kò sí ẹni tó fi ipá mú mi. Ọkà wa ò ju méjì-méjì lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí owó dé, iye tí mo mú wá fún ènìyàn mẹ́ta kò tó ti ènìyàn kan àbọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàròyé, wọ́n ka ẹran náà fún mi lẹ́yọ lẹ́yọ, wọ́n sì pe ògúnfe kan ní iye tí mo rò pé a fi ń ra ìdajì kílò ní ọjà. Bí ẹran bá ti kan ọbẹ̀ nínú àwo yín, ó ti di tiyín. Kò sí olóúnjẹ tí yóò dá a padà sínú ìkòkò, kò sì yẹ kí ó dá a padà. Ọ̀rẹ́ mi kan ló san èyí tó kù, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ náà ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ di òní.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lo ọ̀kan nínú ọ̀nà méjì. Èkíní ni pé kí ẹ béèrè nígbà tí ẹran ṣì wà lórí ṣíbí: “Ẹ jọ̀ọ́, èló ni ẹyọ èyí kí ẹ tó fi sí i?” Ẹ má tijú. Àwọn Ìbàdàn gbogbo ló ń béèrè bẹ́ẹ̀, títí kan àwọn alájì tó gbé ọkọ̀ olówó ńlá wá. Èkejì, tó dára fún ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ ní ìwọ̀n, ni pé kí ẹ sọ àpapọ̀ owó náà ṣáájú: “Ẹ bá mi ṣe oúnjẹ ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà, kí ọkà jẹ́ méjì, kí ẹ fi owó tó bá kù ṣe ẹran, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.” Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe ìṣirò, àṣìṣe kò sì ní jẹ́ tiyín.

Kí ẹ tó ní irú ẹran tí ẹ fẹ́, ó dára kí ẹ mọ orúkọ wọn. Ògúnfe ni ẹran ewúrẹ́ tàbí àgbò, òun ló sì máa ń wọ́n jù. Ṣàkì, abọ́dì, ìfun, fùkù àti ẹ̀dọ̀ ni à ń pè ní inú ẹran. Pọ̀nmọ́ ni awọ màlúù, bòkótò sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí owó bá kéré, pọ̀nmọ́ tó rọ̀ dáadáa kan àti ṣàkì kan máa ń gbé ọkà méjì lọ dé ìparí. Ṣàkì ni kí ẹ wò dáadáa: ihò ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ́, kí òórùn ìgbẹ́ má sì sí níbẹ̀, nítorí pé fífọ̀ rẹ̀ ni iṣẹ́ tó ń fi àárẹ̀ olóúnjẹ hàn. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ti sè láti àárọ̀ máa ń gbẹ bí pákó, èmi kì í gbà á lẹ́yìn agogo 2.

Nígbà tí ẹ bá jókòó, ẹ ṣan ọwọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ ọ̀tún jẹ ẹ́. Bẹ́ǹṣì búkà kì í ṣe ti ẹnì kan, àjèjì yóò jókòó tì yín, bí òun bá sì bá yín lẹ́nu oúnjẹ, ìwà ọmọlúàbí ni kí ẹ sọ pé, “Ẹ wá jẹun,” òun náà yóò sì dáhùn pé, “Á gba ibi ire.” Ẹnikẹ́ni kì í retí pé kí ó fi ọwọ́ bọ àwo yín. Ẹ bu òkèlè kékeré, ẹ tẹ àárín rẹ̀ díẹ̀ kí ó lè gba ọbẹ̀, ẹ yí i nínú ewédú kí fífà rẹ̀ lè já, kí ẹ sì gbé e mì. Èmi kì í po gbogbo ọbẹ̀ pọ̀ kí n tó tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, nítorí bí gbẹ̀gìrì bá ti fẹ́ kan, ata àti ewédú máa ń bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi dé inú ikùn. Bí ọbẹ̀ bá tán kí ọkà tó tán, ẹ gbé àwo lọ, kí ẹ sì sọ pé, “Ìyá, ẹ bá mi fọ́bẹ̀ sí i díẹ̀.” Ẹ̀ẹ̀kan kì í nira fún wọn, ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ojú máa ń yí padà. Fún omi, ẹ mú omi inú ọ̀rá tí nọ́ńbà NAFDAC hàn lára rẹ̀, kí ẹ sì nu ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ ó já pẹ̀lú eyín.

Bí ohun kan bá kù díẹ̀ káàtó, bí òkúta nínú ẹ̀wà tàbí ọbẹ̀ tó ti kan, ẹ má jẹ é dé ìdajì kí ẹ tó sọ̀rọ̀. Ẹ gbé àwo lọ bá ìyá fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọmọ iṣẹ́, kí ẹ rẹ ohùn sílẹ̀, kí ẹ sì sọ pé, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́ ọbẹ̀ yìí wò.” Mi ò tíì rí ìyá olóúnjẹ tó tọ́ ọbẹ̀ kíkan wò lójú èrò tí kò pàrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá pariwo ni wọ́n máa ń bá jà.

Kì í ṣe ọkà nìkan ni ìlú ń jẹ. Ní àárọ̀, ẹ̀kọ àti àkàrà tó ń jáde láti inú epo wà ní ẹnu ọ̀nà, ẹ kò sì nílò ìmọ̀ràn kankan lórí rẹ̀ ju pé kí ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọ́n dì sínú ewé pẹ̀lú ata dídín yẹ fún ọjọ́ tí ẹ kò bá fẹ́ òkèlè. Ẹ rí i pé ewé ni wọ́n dì í sí ní tòótọ́, nítorí òórùn ewé jẹ́ ara adùn rẹ̀. Ní alẹ́, ẹ lọ sí Sábó, àdúgbò àwọn Haúsá láti 1916, tàbí kí ẹ bá onítíì tó wà ní kọ̀rọ̀ àdúgbò yín. Yóò din ẹyin, yóò sì máa da tíì láti ife gíga sí ife ìsàlẹ̀ títí yóò fi hó. Ẹyin mélòó ni ẹ fẹ́, ẹ sọ ọ́ kí ó tó fọ́ ọ.

Ní ti àwọn kafé àti ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ní Bódìjà, Ìyágankú àti Jẹ́ríkò, òfin ibẹ̀ yàtọ̀. Ìwé oúnjẹ wà lórí tábìlì, iye owó sì wà lára rẹ̀. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ẹni tó ń tajà kò gbọ́dọ̀ gbà ju iye tó kọ síta lọ. Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni owó orí ọjà (VAT) tí wọ́n lè fi kún un nísàlẹ̀ ìwé owó tí ẹ ó san, èyí tó kúrò ní ìdá 5 tó sì di ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kejì ọdún 2020: oúnjẹ ₦10,000 á di ₦10,750. Ẹ béèrè bóyá ó ti wà nínú iye tó wà lójú ìwé oúnjẹ tàbí wọn yóò fi kún un. Ìjókòó ni ẹ ń ra níbẹ̀ ju oúnjẹ lọ, nítorí náà bí ẹ bá fẹ́ pàdé ẹnì kan sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, ibẹ̀ ló yẹ. Ní búkà, ẹni tó ti jẹ tán tó ṣì jókòó ń dí ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Owó sísan ti yí padà láti ìgbà tí owó bébà wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí ìjọba ń pàrọ̀ náírà. Ìyá tí kì í gba tìránsífà tẹ́lẹ̀ ti lẹ nọ́ńbà àkáǹtì mọ́ ògiri báyìí. Ẹ béèrè kí ẹ tó bu oúnjẹ bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣiṣẹ́, ẹ ka orúkọ tó jáde lójú fóònù yín sókè kí ìyá lè gbọ́ bóyá tirẹ̀ ni, kí ẹ sì dúró títí àlẹ́ẹ̀tì yóò fi wọlé fún un. Àwòrán pé ẹ ti sanwó kò tẹ́ wọn lọ́rùn mọ́, nítorí pé àwọn onígbájúẹ̀ ti fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ púpọ̀. Ẹ máa mú owó wẹ́wẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́, pàápàá fún àwọn alákàrà àti onítíì, tí ṣéńjì kì í sábà sí lọ́wọ́ wọn ní kùtùkùtù.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e lọ sílé, ẹ ní kí wọ́n di ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọ̀rá tirẹ̀, kí ata má bàa da ewédú láàmú. Ọkà inú ọ̀rá máa ń làágùn, kò sì yẹ kí ó ju wákàtí kan lọ kí ẹ tó jẹ ẹ́. Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ gbé gbẹ̀gìrì kaná kí ó hó dáadáa, ṣùgbọ́n ewédú kí ó kàn gbóná ni, nítorí bí ó bá pẹ́ lórí iná, yíyọ̀ rẹ̀ á lọ. Bí ẹ bá sì ń lọ sí Èkó ní ọ̀sán, tí ẹ kò mọ iye wákàtí tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yóò dá yín dúró sí lójú títì márosẹ̀, ẹ fi gbẹ̀gìrì sílẹ̀ ní Ìbàdàn; ẹ ra ọbẹ̀ ata àti ògúnfe, ẹ ra èlùbọ́ ní ọjà Bódìjà, kí ẹ sì rokà yín nígbà tí ẹ bá délé.